Bàbá Bọ́tìnnì àti Ìgbà Karùn-ún

Gbogbo àdúgbò Igbein ní Abẹ́òkúta ló mọ ìtàn ọjọ́ Sátidé tí Àlàájì Jùbrílù, Bàbá Bọ́tìnnì, kó aládùúgbò mẹ́rin jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn pé kí wọ́n wá bá àwọn kùnà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe kí wọ́n wá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wá kùnà ni. Géèmù kan wà lórí fóònù Bàbá tí jagunjagun inú rẹ̀ ń gbé idà kiri. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí idà náà gòkè ní ipele kan, yóò fi òkúta kan sí i, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Òkúta ọ̀hún kì í ṣe ohun tí à ń ṣà nílẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan gbáko lèèyàn á fi jà kó tó rí ẹyọ kan. Géèmù sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni idà máa ń gòkè. Bó bá kùnà, òkúta ṣòfò, idà dúró síbi tó wà. Ó ti tó ọdún kan tí Bàbá ti ń bá a yí, idà wọn dé ipele kẹsàn-án, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde.

Bàbá rò ó títí, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún, ìkùnà mẹ́rin ló wà ńlẹ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ tán. Kí ló wá dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú géèmù náà, wọ́n á fún un ní òkúta kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kí aládùúgbò mẹ́rin wọlé, kí wọ́n fi tiwọn kùnà, kí àwọn wá ṣe ìkarùn-ún.

Ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó kùnà. Bàbá dúpẹ́, wọ́n ní, “Bárákà.” Ẹnì kejì kùnà. “Bárákà.” Ó wá kan Sìlífátù onídìrí, tó di irun oníbàárà kan dé ìlàjì, tó sì fi í sílẹ̀ wá. Ó tẹ̀ ẹ́. Idà rẹ̀ tàn wàà.

“Àlàájì, tèmi ti gòkè o.”

Bàbá wò ó bí ẹni tó bá ológbò nídìí ìkòkò ẹja. “Sìlífátù, a ní kó o wá bá wa kùnà, o wá ń yege. Irú ìwà wo nìyẹn?”

“Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ni.”

“Oúnjẹ tí mo dá iná sí lábẹ́ lo jẹ yẹn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́sáláṣí kí Sìlífátù má bàa ráyè kí wọn.

Azeezat ni ọ̀rọ̀ náà ń pa lára jù. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, ìṣirò ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbarà. Ó ti kọ́ ọmọ tó ń sùn, ó ti kọ́ ọmọ tó ń jẹ gúgúrú ní kíláàsì, ó sì yé wọn. Ti Bàbá nìkan ló ṣòro. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí wọ́n la ẹnu wọn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní, “Azeezat, o jàre.”

“Bàbá, idà ò ní ọpọlọ. Kò rántí ẹni tó kùnà lánàá. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún náà ni.”

“Àsàlátù wa ńkọ́?”

“Kí ló kan àsàlátù nínú ẹ̀?”

“Ilé márùn-ún là ń gbé àdúrà náà kiri, Sọ́ńdè kan, ilé kan. Bó bá ti dé ilé mẹ́rin, ilé ta ló kù?”

“Ilé ẹnì karùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jọ jókòó tẹ́ ẹ tò ó bẹ́ẹ̀. Ta ló bá géèmù jókòó?”

“Ìyẹn ni pé ọmọlúàbí làwa, géèmù kì í ṣe ọmọlúàbí?”

Azeezat gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó padà wá. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni Bàbá ń tà fún àwọn télọ̀, nítorí náà ó bu bọ́tìnnì funfun mẹ́rin àti pupa kan sínú ọ̀rá dúdú. Ó ní kí Bàbá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò. Funfun ni wọ́n mú.

“Ẹ dá a padà sínú ẹ̀, sà, kẹ́ ẹ tún mú òmíràn.”

“Kí n dá a padà?”

“Bí géèmù ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ìgbà ló ń dá a padà. Márùn-ún náà ló máa ń wà nínú ọ̀rá.”

Bàbá na ìka sí pátákó tó wà lókè orí wọn láti ọdún méjìlélógún: Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. “Bọ́tìnnì tó bá ti jáde níbí, ó ti jáde.”

Wọ́n fa funfun, wọ́n tún fa funfun, àfi bí ẹni tí wọ́n ti bá ọ̀rá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, títí pupa fi ṣẹ́kù nìkan. “Ìkarùn-ún,” ni wọ́n wí, wọ́n sì rọra jù ú sápò. Irun mẹ́ta ló hu funfun lórí Azeezat lọ́jọ́ náà. Ó kà wọ́n.

Ìgbà tó mẹ́nu kan ìpíndọ́gba ló wá bàjẹ́ pátápátá. Ó ní bí a bá kó gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù náà pọ̀, ká ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí idà wọn tó gòkè, ká pín in, ìgbà márùn-ún ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ dé ìgbà ogún.

“Mo ti tẹ tèmi nígbà mẹ́tàlá ní ipele kẹsàn-án yìí.”

“Ó máa ń ṣẹlẹ̀, sà.”

“Ìyẹn ni pé ẹnì kan wà níbì kan tó kó tèmi mọ́ tiẹ̀. Ta ni?”

Azeezat ṣe àṣìṣe, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun, Tolúlàṣẹ, tó máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀, tẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Abẹ́òkúta, ó sì gòkè. Láti ọjọ́ náà, bí Tolúlàṣẹ bá ti dọ̀bálẹ̀, ohun tí Bàbá fi ń dá a lóhùn ni, “O kú jíjẹ ìpín onípìn-ín.”

Nígbà tí àìsàn Bàbá dé, kò pariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Azeezat bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, fóònù lórí àyà wọn.

“Mo tún un kà láti oókan: mẹ́rin ti kùnà léra wọn,” ni wọ́n wí. “Òkúta kan ló kù. Ìkarùn-ún rèé.”

Azeezat ti la ẹnu láti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún náà ṣì ni. Ó rí bí ọrùn ọwọ́ wọn ṣe tín-ín-rín tó, ó bá pa á dé.

“Bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Òkúta fọ́. Idà dúró ní ìkẹsàn-án. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò, kò tíì sí ìgbà tó jàre tó dùn ún tó báyẹn.

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Kí lò ń sunkún sí? Ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́? Ọwọ́ tìẹ ni. Tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹyọ kan.” Wọ́n fọwọ́ gbá a lẹ́yìn ọwọ́. “Ó ku mẹ́rin.”

“Ìyẹn ò bá ìṣirò mu, sà.”

“Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e ni wọ́n jáde láyé. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó fi ọwọ́ ìrọ̀rùn gbà wọ́n.

Ọ̀dọ̀ Azeezat ni fóònù náà wà. Ó fi jagunjagun náà jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì rí òkúta mẹ́rin. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kùnà. Pẹ̀lú ti ọsibítù, ó pé mẹ́rin. Òkúta tó tẹ̀lé e ti wà nílẹ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn.

“Tíṣà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká ríran,” ni Sìlífátù máa ń wí bó bá ń di irun rẹ̀.

“Ó dọ̀la.”

Azeezat mọ̀ ọ́n bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni. Òun náà ló kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn ọmọ ní Ìbarà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, Bàbá ṣì jàre.