Èéfín Tí Mo Pè Ní Iná Oko

Èmi ni mo sọ pé kò séwu. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú, torí àwọn àbúrò mi ní Manigri máa ń pè mí ní akọni, wọn ò sì mọ̀.

Sójà ni mí nígbà náà. Wọ́n kó àwa mẹ́tàlá lọ sí abúlé kan lápá àríwá, lẹ́bàá ààlà, kí àwọn ará ibẹ̀ lè máa ná ọjà wọn láìbẹ̀rù. Èmi àti Sàlífù, ọmọ ìlú Doguè, la jọ ń ṣọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọjọ́ kan náà la forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà ní Bassila. Ọyẹ́ ti dé. A rí èéfín lápá ìlà oòrùn, ó ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣẹ́fù wa, ọ̀gá tó ń darí wa, bèèrè pé, "Kí nìyẹn?"

"Iná oko ni, ṣẹ́fù. Báyìí la ṣe ń jó etí oko kajú nílé, kí iná ńlá má baà wọ̀ ọ́."

Sàlífù rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Manigri! Kajú wo ló wà níbí? Ṣé o rí igi kan?"

"Ìwọ tó o mọ iṣu nìkan, dákẹ́."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ṣẹ́fù gbà mí gbọ́, torí ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Kò gbé rédíò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn èéfín yẹn ni àwọn agbébọn gbà gun alùpùpù jáde. Ìbọn ò dáwọ́ dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. A wà nínú kòtò láìsí omi. Mo lá òógùn ọwọ́ ara mi. Sàlífù kígbe lẹ́ẹ̀kan, "Ọta mi ti tán!" N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló ń ké lábúlé. Àwa mẹ́jọ la dìde.

Kí ọyẹ́ tó dé, nígbà tí a gba kọ̀njé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wálé, Sàlífù ti bá mi kọ ebè bàbá mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Àáró ni: èmi náà yóò lọ kọ tìyá rẹ̀ ní Doguè fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n pè wá padà kí n tó lọ.

Lọ́dún yìí, mo ti bọ́ aṣọ sójà. Mo gbé ọkọ́ lọ sí Doguè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá Sàlífù gbé iyán síwájú mi.

"Ọmọ mi, àáró ti pé o. Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ò rí wọn?"

Mo ní, "Ìyá, èéfín ló pọ̀."

Ó mi orí, ó bu ọbẹ̀ kún tèmi. Mo jẹun.

Ebè ti pé. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló kù lọ́rùn mi.