Kọfí Ìyá Wa Nílùú Òyìnbó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Japara, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń bu kọfí fún mi kí a tó lọ sílé ìwé. Bàbá wa ní igi kọfí díẹ̀ láàárín kòkó lóko Mamu, ìyá wa, tí a ń pè ní Ìyé, sì máa ń sá èso rẹ̀ sójúde. Ẹ má tíì rò pé a jẹ̀gbádùn o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n wá wo ẹ̀gbọ́n mi yìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó. Iyè rẹ̀ ti ń ra. Ọjọ́ kejì rèé tí kò fi omi kan ẹnu. Kọfí nìkan ló ń béèrè, bí wọ́n bá sì gbé e wá, á tu ú dànù. Nọ́ọ̀sì ní tí kò bá mu nǹkan kan kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọsibítù ni. Mo mọ̀ pé bó bá débẹ̀, ó lè má padà wálé.

Ni èmi àti ọmọ rẹ̀ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù nínú òtútù. A ra èyí tó dúdú, a ra èyí tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ̀gbọ́n mi tu gbogbo rẹ̀.

“Màmá Kékeré, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù o!” Ọmọ náà na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

Àfi bí mo ṣe rántí. Ta ló jẹ́ fún wa ní kọfí mu nígbà yẹn? Gbogbo èso oko Mamu, títà ni! Àgbàdo ni Ìyé ń yan títí á fi dúdú, á lọ̀ ọ́, á sè é, á ní kọfí ni. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo bu àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ògì, mo dà á sínú páànù. Èéfín bolé, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ iná ń han gooro, nọ́ọ̀sì ń kanlẹ̀kùn. Mo lọ àgbàdo náà, mo sè é, mo bù ú sínú ife.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ife náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu ún tán.

“Ìyé ti toko dé?” ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bú sẹ́kún.

Ayé ti yí padà. Kọfí gidi lẹ̀ ń mu ní Japara báyìí, inú ọ̀rá lẹ ti ń já a. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí mo ṣe ń yan àgbàdo yìí, torí ọjọ́ tí èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kọfí, ẹ ò ní rí i rà.