Etí Káàdì Tí Sìmbíátù Ṣẹ́po

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Òkè Gádà, wọn yóò sọ fún yín pé kò sí ẹni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ́ ara mi. Kí ọmọ yunifásítì tó tẹ ojú ìwé kan, mo ti tẹ mẹ́rin, mo sì ti mumi. Ṣùgbọ́n ìtàn Sìmbíátù ni mo jókòó kọ, nítorí òun nìkan ló tíì pa mí lẹ́nu mọ́ lórí iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sìmbíátù ti wà ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn Dókítà Ọlábọ̀dé. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ja tẹ̀súbà lọ. Tí o bá wọlé, kò ní bi ọ́ lórúkọ. Yóò wo ojú rẹ, yóò nawọ́ sẹ́yìn, káàdì ìyá rẹ ni yóò kọ́kọ́ fà yọ kó tó fa tìrẹ.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìyá, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn bá tó.

Sìmbíátù ní, “Dókítà, ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta ná. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ní káàdì mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Ta ni yóò máa kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ yìí? Ta ló láṣẹ láti pa á rẹ́? Ṣé ilẹ̀ tí a kò tíì gbá la fẹ́ tẹ́ ẹní tuntun sí?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ìyá Káàdì, ẹ̀rọ náà ló máa gbá a.”

Èmi náà dá sí i, nítorí èmi ni Dókítà pè láti wá tẹ àwọn káàdì sínú ẹ̀rọ. Mo ní ọjọ́ mọ́kànlá péré ni màá fi tẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Mo sì tẹ̀ ẹ́ tán, wọ̀láhì! Ìyá Sìmbíátù ń ṣàìsàn ní Awo nígbà náà, ó ti lọ tọ́jú rẹ̀. Àwọn káàdì kan wà tí etí wọn ṣẹ́po lókè, lápá ọ̀tún. Ìdọ̀tí ni mo pè é. Mo gbé áyọ́ọ̀nù wá láti ilé, mo lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi tẹ́ bí aṣọ Iléyá.

Ọ̀sán Àtàláátà ni ẹ̀rọ fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ní àárọ̀ Àlàrùba, Sìmbíátù ti dé láti Awo, ọ̀kadà kan já obìnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Labeebah ni, láti ìlú Ara. Ó fi ọ̀já gbàdí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ó na fóònù sí Sìmbíátù.

“Wọ́n ní kí n gbé Mansur wá. Wọ́n ní ó pé oṣù mẹ́sàn-án.”

Gbogbo ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i.

“Labeebah,” Sìmbíátù ní. “Labeebah ọmọ mi.”

“Mo mọ̀ pé a ti sin ín, màmá. Mo mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó wá. Mo ní bóyá ẹ mọ ohun tí n kò mọ̀.”

Sìmbíátù fa káàdì Mansur yọ. Ó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀, kò bá a. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá Jibril, ta ló na etí káàdì yìí?”

Èmi tí kì í yé sọ̀rọ̀, áyọ́ọ̀nù orí tábìlì nìkan ni mo lè nawọ́ sí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí Sìmbíátù ti dé yàrá káàdì, kò kọ ikú sára káàdì ọmọdé rí. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Etí káàdì ọmọ tó bá kú ló ń ṣẹ́po, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwọn ọmọ náà ti wà láàyè báyìí nínú ẹ̀rọ, Àtàláátà tó ń bọ̀, yóò tún pè wọ́n.

“Ẹ pa ẹ̀rọ náà,” Sìmbíátù wí.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Àìsàn tó ń sú sí ọmọdé lára ti wọ Ara. Tí a kò bá pe àwọn alààyè ní Àtàláátà, àwọn náà lè lọ.”

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. A gbé àwọn àpótí káàdì sójú fèrèsé. Mo rò pé áyọ́ọ̀nù mi ti pa gbogbo àmì rẹ́. Sìmbíátù gbé káàdì kan sókè sí oòrùn: ilà ibi tó ti ṣẹ́ ẹ po wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ilà ojú.

“Kò lọ,” ó wí.

Mo ń pe orúkọ, ó ń wá a nínú ẹ̀rọ. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ẹ gbà mí gbọ́, bí a bá ti rí ọ̀kan, mo ń gbọ́ bí ẹni pé ọmọdé ń wúkọ́ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Irun ọrùn mi dìde lọ́sàn-án gangan.

“Ṣé o gbọ́?” mo bi í.

“Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ,” Sìmbíátù wí. “Ẹ pe èyí tó kàn.”

Nígbà tó kan Mansur, ẹ̀rọ ní kó yan “Òkú” tàbí kó pa á rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tún kọ̀. Labeebah ti bẹ̀ ẹ́: “Ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ o. Ẹ ṣáà má pè é mọ́.” Èmi tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, mo wọ inú ẹ̀rọ náà, mo pààrọ̀ “Òkú” sí “Má pè é.” Sìmbíátù tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́tàlélógójì. Dókítà sì lẹ ìwé mọ́ ògiri: Sìmbíátù nìkan ni yóò máa kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ, ẹni méjì ni yóò jọ pa nǹkan rẹ́, àmì tí ẹnì kan bá ń lò, kó sọ ọ́ síta.

Ní Àtàláátà, Labeebah wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fóònù lọ́wọ́. Ọ̀sán pọ́n. Fóònù àwọn ìyá tó kù ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ kò dún. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó rọra ká a, ó gbé e lé Sìmbíátù lọ́wọ́.

“Ó ti lọ lóòótọ́,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.