Ta Ni Yóò Gbé Iṣu Lọ?

Oko yunifásítì tó wà ní Ìgándò, ilẹ̀ yunifásítì kọ́. Ilẹ̀ ìdílé Ọdẹ́tọ́lá ni. Ìdílé náà ló yá wọn, kí wọ́n máa fi kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ràímì ló ń dáko náà. Àbúrò rẹ̀ Jàfárù, oníwèé mẹ́fà, ló ń bá a ro ó.

Nínú òjò oṣù kẹfà, lọ́rì gbá Ràímì lórí alùpùpù rẹ̀ lọ́nà Ìkòtún. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Jàfárù ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bínú ṣá ni.

Ọdún owó Údójì ni, tí ìjọba sọ owó oṣù di ńlá. Àwọn àgbẹ̀ ń talẹ̀, ilé ń hù bí olú. Yunifásítì ní àwọn ó tún iṣẹ́ ìta, tí wọ́n ń ṣe láàárín ará ìlú, tò. Wọ́n rán Mìsíìsì Ọláwùmí wá, kó bá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá àyè tirẹ̀.

"Jàfárù, kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an?"

"Mò ń roko, mà."

"Àgbẹ̀ ti ń tán ní Ìgándò. Ta lo fẹ́ máa roko hàn?"

Olúbọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ará Èkìtì ni, òun ló ń kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́. "Kó máa pọnmi fún wa jàre."

"Tíṣà, àga òfìfo lẹ̀ ń kọ́ ní ABD. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ó tó!" Ọláwùmí na ìka sí Jàfárù. "Bí a ò bá ráyè fún ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá lọ sílé. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni iṣu tuntun tó ó wà. Jàfárù wà á. Ọláwùmí ní kí wọ́n pín in. Kálukú gbé tirẹ̀ lọ. Wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Hàbíbátù, opó Ràímì. Jàfárù sun ọ̀kan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bá màrìwò lẹ́nu ọ̀nà oko. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá dúró tì í pẹ̀lú àdá, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹni tó bá kọjá ibí, ojú ẹ̀ á rí nǹkan!"

Ọláwùmí kúnlẹ̀. "Ẹ ṣe sùúrù, sà. Kí la ṣe?"

"Ẹ ti jẹ iṣu tuntun orí ilẹ̀ mi. Ìṣákọ́lẹ̀ mi dà? Ẹni tí ò bá gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, ó ti di onílẹ̀ nìyẹn."

"A ò mọ̀ ni, sà. Yunifásítì á san owó ẹ̀."

"Owó! Ṣé mo ní mo ń talẹ̀ ni? Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, kí n gbowó lẹ́ẹ̀kan péré! Mi ò gbà. Iṣu ilẹ̀ yìí ni kí n rí, kì í ṣe iṣu ọjà. Bí oòrùn ọ̀la bá wọ̀ tí mi ò rí i, ẹ kó ẹrù yín."

Olúbọ̀dé kọjú sí Jàfárù. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa ń gbé e lọ. O ò mọ̀ ni?"

"Kò sọ fún mi."

"Nítorí ẹ ni wọ́n ṣe máa lé gbogbo wa."

Jàfárù lọ sọ́dọ̀ Hàbíbátù. Ó bá a lórí ẹní, nínú aṣọ opó.

"Ọdọọdún ni," obìnrin náà wí. "Kẹ́nikẹ́ni tó fẹnu kan iṣu, á ti gbé tiwọn lọ. Àbí ẹ ti jẹ tiyín, ọkọ mi?"

"Mo ti jẹ ẹ́, ìyàwó."

"Ó mà ṣe o."

Iṣu tirẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀, odidi.

"Mi ò lè jẹ ẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ ló gbìn ín." Ó yíjú sógiri. "Ẹ gbé e. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

Jàfárù gbé e. Òun gan-an ò rò pé iṣu lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ọdẹ́tọ́lá. Bàbá fi ọ̀pá yí iṣu náà wò.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ a máa gbé epo mọ́ ọn."

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"O ò mọ nǹkan kan. Ìdọ̀bálẹ̀ ẹ gan-an ò dáa." Ó fi ọ̀pá ti iṣu náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé wọ́n sin ín dáadáa?"

"Wọ́n sin ín dáadáa, sà."

"Hẹn. Dìde. Bó o ṣe burú tó yìí, ìwọ ni kó o máa gbé e wá. Bí obìnrin olówó yẹn bá dé ẹnu ọ̀nà mi, màá tú ajá sí i."

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì, ó ròyìn fún Ọláwùmí. Obìnrin náà kò dúpẹ́.

"Iṣẹ́ ẹ náà nìyẹn, o ó dúró. Kí la ó wá máa pè é? Kò sírú ẹ̀ nínú ètò tuntun."

"Iṣẹ́ Ràímì ni, mà."

"Ràímì ti kú."

"Mo mọ̀, mà."

Jàfárù mú ọkọ́ rẹ̀. Olúbọ̀dé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì yà fún un. Jàfárù fi èjìká kọ lù ú kọjá.

"Tíṣà, ẹ lọ pọnmi yín fúnra yín."