Ọtí Dúdú Tó Yìnbọn Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Mo dé ọtí pinpin. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ ròyìn ọgbọ́n mi, ẹ lè gbà mí gbọ́, ìyẹn ò sì ní í dáa. Èmi tí bàbá mi ń dá ẹmu lábúlé wa lọ́hùn-ún ní Ọ̀ṣun, èmi tí mo ti ń ru agbè ẹmu lọ sọ́jà kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ṣòkòtò, èmi yìí náà ni mo rọ ọtí tó ṣì ń hó sínú kẹ́ẹ̀gì, mo yí ìdérí rẹ̀ títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn mí, mo tún gé tíúbù ọ̀kadà tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi dì í lórí.

Kò sí ọmọ adẹ́mu tí kò mọ̀ pé ewé ni wọ́n ń fi dí ẹnu agbè, kí ọtí lè ráyè mí. Ọtí tó ń hó dà bí ẹni tí inú ń bí: bí o bá di ẹnu mọ́ ọn lẹ́nu, yóò gba ibòmíràn sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Àmọ́ mo ti sọ fún ara mi pé ohun tí mo pọn kì í ṣe ẹmu. Bíà ni. Bíà dúdú, ti àlìkámà, irú èyí tí òyìnbó ń mu. Ta ló rí ibi tí wọ́n ti fi ewé dí ìgò bíà rí?

Bẹ́ẹ̀dì wa kò ga, kẹ́ẹ̀gì náà kò lè dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo bá dá a dùbúlẹ̀, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fáànù ń fẹ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo na ara mi sórí bẹ́ẹ̀dì bí olówó. Ni nǹkan bá dún gbòlà lábẹ́ mi! Bẹ́ẹ̀dì fò, èmi náà fò. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mò ń ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀! Mi ò wo ojú yín o!"

Nǹkan olómi kan ń kán tó, tó, sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní, ó parí, ẹ̀jẹ̀ mi nìyí. Mo tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì ń ta sánsán bí èèpo búrẹ́dì tó jó. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé mi ò tíì kú, àti pé ọtí náà dáa.

Níta, àwọn ará ilé ń pariwo pé tìràǹsífọ́mà ti bú. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó wo àjà ilé tó ń sunkún, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó ti là bí ẹnu ọ̀nì, ó wá wo èmi.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mo nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

"Ọtí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pọn? Ẹ kú ìbọ̀wọ̀fágbà."

Kí ló gbé mi débẹ̀? Àlìkámà ni. Mo ti ṣe alábàárù rí ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ní Ọ̀tà níbí, títí egungun ẹ̀yìn mi fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó nítòsí afárá Sàngó, èmi àti àwọn tá a jọ rẹrù, à ń mu bíà dúdú. Ọkùnrin kan gbé ìgò tiẹ̀ sókè, ó ní máṣíìnì ló ń ṣe irú èyí, ọpọlọ òyìnbó ló wà nínú ẹ̀. Ó ní irú àwa yìí, ká ṣáà máa rù ú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé inú ń bí mi. Ẹ̀rín náà bá mi délé, ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ìyá tó bí bàbá mi pọn ọtí. Ìyá tó bí èmi náà pọn ọtí, kò sì sí máṣíìnì lábúlé wa, àfi máṣíìnì ìránṣọ kan tí kò ní abẹ́rẹ́. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, àmọ́ n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n má dán an wò.

Mo ra àlìkámà lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta ọkà. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo sẹ́ ẹ, mo tẹ́ ẹ sórí àpò ìdọ̀họ, mo fi ewé bò ó títí ó fi yọ irùngbọ̀n funfun. Mo sá a sóòrùn, adìyẹ jẹ nínú ẹ̀, mo lé adìyẹ. Mo wá bu díẹ̀ sọ́tọ̀, mo yan ìyẹn nínú agbada ìyan-gàrí ìyàwó mi títí ó fi dúdú bíi kọfí. Òun ló ń pa ọtí láró. Obìnrin tó ń lọ ata fún wa kọ̀, kò bá mi lọ̀ ọ́. Ó ní ata òun yóò máa rùn bí ilé tó jóná. Inú odó ni mo ti gún un. Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo gé orógbó sí i kó lè korò, mo fi yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì sí i nígbà tó tutù. Ó hó! Mo jókòó tì í bí ìyá ọmọ tuntun. Ìyókù lẹ ti gbọ́: ìdérí, tíúbù, gbòlà.

Ibi tó wá burú sí ni pé ọtí náà kò mọ sí yàrá mi. Okùn ìsáṣọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn mi gan-an, sùtánà funfun aládùúgbò mi sì wà lórí ẹ̀. Ọkùnrin náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára, ọ̀sán ló máa ń sùn. Kò fi aṣọ yẹn ṣeré. Omi ẹ̀rọ wa ní ìpẹtà nínú, ó máa ń sọ aṣọ funfun di rúsúrúsú, nítorí náà omi òjò nìkan ló fi ń ṣan án. Inú ìkòkò ńlá kan lẹ́yìn ilé ló ti ń bù ú, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìkòkò náà ti wà níbẹ̀ ká tó dé ilé yìí, ìdí rẹ̀ dúdú fún èédú. Kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ léèrè rí ohun tí ìkòkò omi òjò lọ ṣe nínú iná.

Ó jáde pẹ̀lú oorun lójú, ó rí sùtánà ẹ̀, ó káwọ́ lé orí.

"Bàbá Ìbejì! Ẹ fi ọtí wẹ aṣọ Olúwa!"

"Àbúrò, ẹ má bínú. Màá fọ̀ ọ́."

"Ẹ máa fọ̀ ọ́? Aṣọ ìsìn! Ilé yìí ò lè gba èmi àti ilé iṣẹ́ ọtí pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí Àláájà dé ná. Ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀, ṣé irú wọn ló máa gbà kẹ́ ẹ máa pọn ọtí nínú ilé wọn? Ẹ tètè máa wá yàrá."

Àláájà tó ń wí yìí ni onílé wa, arúgbó ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, tó ti lọ kí ọmọ ẹ̀ tó bímọ ní Àtàn. Ẹ̀rù bà mí o. Kí n má purọ́. Yàrá yẹn la bí àwọn ìbejì wa sí. Níbo ni ọkùnrin ẹlẹ́yìn-dídùn fẹ́ máa ru bẹ́ẹ̀dì kiri ní Sàngó? Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo rọ ọtí náà sí; ìkejì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà dé pinpin. Nígbà tí mo fẹ́ tú u, mo yá àṣíborí lọ́wọ́ ọlọ́kadà iwájú ilé, mo dé e, mo fi ọwọ́ kan na tìmùtìmù síwájú bí apata. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì náà kàn ṣe ṣìììì ni. Èmi ni mo pariwo.

Nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀, ó jókòó. "Ẹ gbọ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ da èyí tó kù nù. Tí Àláájà bá ti wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Ẹ ní iṣẹ́ èṣù ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Ìgbéraga yín á sun ìta o."

"Á jẹ́ pé òun pẹ̀lú ọtí ni wọ́n á jọ sun ún."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sùn mọ́jú. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé agbada sí àárín agbo ilé, mo dáná, mo da àlìkámà tuntun sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan án ní gbangba. Èéfín gba gbogbo ilé. Wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ẹnì kan bi mí pé kí ló ń jó, mo ní bí wọ́n ṣe ń yan àlìkámà nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Àláájà bá mi. Wọn ò tíì bọ́ ìborùn tí aládùúgbò mi ti gbé sùtánà bọ̀ bí ẹni gbé òkú ọmọ. Ó rò ó láti orí dé ìdí. Ó ní kí wọ́n lé mi, tàbí kí òun kó jáde. Àwọn ará ilé pé jọ sẹ́yìn ilé, Àláájà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi òjò, wọ́n ń fa tẹ̀súbà lọ ní tiwọn.

"Bàbá Ìbejì, ó kàn ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀, ó rò pé mo ti gbọ́ràn. Mo ní, "Àláájà, mo bẹ̀ yín nítorí ariwo. Mo bẹ àbúrò mi nítorí sùtánà, màá fọ̀ ọ́ títí á fi mọ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nítorí ọtí. Kò jí ẹnikẹ́ni lólè, kò bú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá lé mi, màá kó jáde. Ibi tí mo bá kó lọ, màá pọn ọ́n níbẹ̀."

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mò ń retí kí ilẹ̀ lanu.

"Gbé e wá," Àláájà ní.

Mo bu díẹ̀ wá látinú kẹ́ẹ̀gì tó kù. Wọn ò fi kan ẹnu. Wọ́n kàn gbé ife náà sábẹ́ imú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

"Kí lo fi pa á láró?"

"Mo yan ọkà ẹ̀, Àláájà."

"Ó wá ṣe yìnbọn?"

"Mo dé e pinpin."

Tẹ̀súbà dúró. "Ìwọ ọmọ adẹ́mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àláájà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín arúgbó tí kò ní eyín púpọ̀. Aládùúgbò mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Àláájà," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Mẹ́kà..."

"Mo dé ibẹ̀. Mi ò kì í mu ún, mi ò sì ní í mu ún láéláé." Wọ́n gbé ọwọ́ lé etí ìkòkò. "Àmọ́ ìkòkò tí o fi ń ṣan sùtánà látọjọ́ tó o ti dé yìí, ìkòkò tí ìyá mi fi ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni. Òun ló fi tọ́ mi. Ṣé aṣọ rẹ dúdú nínú ẹ̀ rí? Bàbá Ìbejì, dìde. Bu omi òjò yìí sínú ike fún un, kó o gbé ìkòkò wọlé, kó o fi aṣọ bò ó lẹ́nu. Ìkòkò kì í yìnbọn."