Adìẹ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìyá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin nílé rẹ̀ lápá Ìjagun. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì ti ń ràn lórí ilẹ̀ tútù. Bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀ níwájú mi ni atẹ́gùn yí padà, ó gbé òórùn ìgbẹ́ adìẹ láti ọgbà aládùúgbò wọn wọlé wá bá mi. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè, tí ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, oúnjẹ tí n kì í kọ̀, ṣùgbọ́n mo ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá, adìẹ ló fà á. Kò yé e. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ adìẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Ilé wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó la àárín kọjá, iwájú ilé sì ni ìyá mi ti ń ta ẹní ìkírun, fìlà, búta àti ìbòrí. Ìyá mi fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe yẹ lọ. Tí o bá fi ẹsẹ̀ eléruku tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, láti inú ìsọ̀ ni yóò ti pòṣé, bí ẹni pé ara rẹ̀ lo tẹ̀. Bàbá mi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé màláíkà tó bá fẹ́ wọ ilé àwọn á kọ́kọ́ bọ́ bàtà.

Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Ìmùṣin, ń dá gbé ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ní ọdún tí òjò wó ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀, bàbá mi lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Inú wa dùn títí wọ́n fi gbé agbọ̀n kan sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e, tí nǹkan ń kùn nínú rẹ̀. Àgbébọ̀ adìẹ mẹ́ta ni. A rò pé wọ́n fẹ́ fi wọ́n se ọbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Múfú, ti ń pín itan. Ìyá Ìmùṣin ní rárá o, ará ilé òun ni wọ́n, ibi tí wọn ò bá sùn sí, òun náà ò ní sùn síbẹ̀.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Adìẹ kò mọ ibi tí a ń yàgbẹ́ sí. Ó ń rìn, ó ń ṣu. Ó ń jẹun, ó ń ṣu. Àwọn ìgbẹ́ kan le, funfun lórí, dúdú nísàlẹ̀. Àwọn kan rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, àwọ̀ wọn dà bí ọbẹ̀ tó ti kan, àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ èèyàn láàárọ̀ kùtù. Mo bá a nínú bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sílé ìwé. Bàbá mi bá a lọ́wọ́ búta tó fẹ́ fi ṣe àlùwàlá. Iná adìẹ, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, fi ara àwọn adìẹ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́rùn wa, a sì ń họra ní kíláàsì bí ajá. Ìyá Ìmùṣin á jẹ àgbàdo lẹ́nu títí á fi kúnná, á tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, àwọn adìẹ á máa ṣa á jẹ níbẹ̀ tòun titọ́. Ọwọ́ kan náà ni yóò wá nà sí wa pé ká wá gba ẹ̀pà.

A rò pé a ó tilẹ̀ rí ẹyin jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn yàgbẹ́ sẹ́yìnkùlé. Kí ìyá mi tó bu omi dé, àwọn adìẹ ti ṣa ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n nu ẹnu mọ́ koríko, ọ̀kan nínú wọn sì wọlé lọ yé ẹyin. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìmùṣin nìkan ló ń jẹ ẹyin nílé wa.

Èyí tó dun ìyá mi jù ni ti orúkọ. Ìyá Ìmùṣin sọ gbogbo wọn lórúkọ, ààyò rẹ̀ sì ni pupa kan tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Àjọkẹ́ ló ń pè é. Àjọkẹ́ sì ni oríkì ìyá mi. Bí ìyá mi bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, yóò máa gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé pé, Àjọkẹ́, kúrò nínú ìkòkò yẹn. Àjọkẹ́, o tún ti ṣu sílẹ̀. Oníbàárà á wo ojú ìyá mi, á sì yára wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ìyá mi ń fọ. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, ó gbà pé wọ́n ń fi adìẹ bú òun ni.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ lọ́jọ́ tí Àlhájà kan wá ra ẹní ìkírun láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi tẹ́ èyí tó dára jù sílẹ̀ fún un. Àjọkẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, ó rìn dé àárín ẹní náà, ó dúró, ó sì ṣu sí i. Àlhájà kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi sọ fún bàbá mi, láìpariwo, pé kó yan ọ̀kan: kí adìẹ kúrò, tàbí kí òun kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá òun ní Ayépé. Bàbá mi, tí kì í lè yàn láàárín iyán àti ẹ̀bà, ní òun ń lọ kírun, ó sì jókòó pẹ́ sí mọ́ṣáláṣí.

Ṣùgbọ́n ògiri ilé wa kò nípọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ìmùṣin ti di ẹrù rẹ̀. Ó jókòó lé e lórí lẹ́yìnkùlé, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti wó. Àjọkẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ara adìẹ náà kò sì yá. Ó ti gbé òwú àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà mì nínú ìsọ̀ ìyá mi. Àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ wú bí ọsàn, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí omidùn tó ti pẹ́ jù. Ìyá Ìmùṣin ní àfi kí wọ́n là á, pé òun ti la irú rẹ̀ rí. Ó mú abẹ. Ó gbé abẹ sún mọ́ ọn, ó tún gbé e kúrò. Múfú ti sá. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ adìẹ mú.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́, ó wá kúnlẹ̀ sínú ìdọ̀tí yẹn.

"Níbo ni kí n là, Ìyá?"

Ìyá Ìmùṣin fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Ìyá mi tu ìyẹ́ díẹ̀, ó là á. Òórùn tó jáde kọjá ohun tí imú ń gbọ́. Ahọ́n mi tọ́ ọ wò. Àgbàdo tó ti kan, omi aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ aáyán, ọ̀rá, àti òwú tó lọ́ mọ́ra wọn bí irun tó dí ojú kòtò omi. Ìyá mi ń fà á, ó ń yọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò tán bọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ bì sí gọ́tà, ó nu ẹnu, ó padà wá fà á tán. Abẹ́rẹ́ àti òwú tó fi ń tún etí fìlà ṣe ló fi ń rán an.

Bó ṣe ń rán an ló béèrè, láìgbójú sókè: "Ìyá, kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi fi orúkọ mi sọ adìẹ?"

Kí ìyá mi tó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìmùṣin ló ti kọ́kọ́ gbé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó. Àwa ọmọ kò ka èyí sí nǹkan kan rí.

"Orúkọ rẹ ti mọ́ mi lẹ́nu láràárọ̀," ni Ìyá Ìmùṣin wí. "Nígbà tí ọkọ rẹ mú ọ lọ, mo ń pe orúkọ náà, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Adìẹ ló dáhùn."

Ìyá mi ta òwú náà ní kókó, kò rí abẹ mọ́, ló bá tẹrí ba, ó fi eyín já a, nídìí ìyẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹnu ìyá mi níbẹ̀, itọ́ á dà lẹ́nu mi. Nígbà tí ọkọ̀ dé, òun ló jáde lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

Adìẹ náà yè. Káfíńtà wá kan ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé, àwọn adìẹ ò sì wọ yàrá mọ́. Ẹ má rò pé ìyá mi wá fẹ́ràn wọn. Aṣọ ló fi ń bo imú gbá ìgbẹ́ wọn láràárọ̀, ó ń ṣépè fún wọn lábẹ́ ètè. Nígbà tí Ìyá Ìmùṣin kú, bàbá mi ní kí wọ́n tà wọ́n. Ìyá mi kọ̀. Ojú ìríra ló fi ń wo àwọn adìẹ náà àtàwọn ọmọ tí wọ́n pa, kò sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n lọ́jọ́ kan.

Lónìí, inú páálí ni ẹyin ti ń wọlé, ó mọ́, kò sí ìyẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ìyá ọkọ ń gbé ilé tiwọn, orí fóònù ni a ti ń kí wọn. A ti lé ohun tó ń rùn jáde nínú ilé, mo sì dúpẹ́, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ pé ìfẹ́ kì í mọ ẹ̀gbin. Ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá mi náà darúgbó, tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́, èmi ni mo ń nù ún. Láràárọ̀ ni mò ń gbóòórùn náà, tí mò ń fi aṣọ bo imú, n kò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.