Ọjọ́ tí Àyà Ọkọ Mi Kan Ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ má bi mí ta ló borí lọ́jọ́ náà. Mo wà níbẹ̀, ojú mi méjèèjì là kedere, síbẹ̀ mi ò mọ̀. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ló máa ń rò ó bí ẹni tí ó ṣojú wọn. Wọ́n á kóra jọ sí èbúté Ìkòròdú, wọ́n á máa ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀, wọ́n á ní báyìí ló ṣe gbé e, báyìí nìkejì ṣe kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ń kọjá, inú á bí mi, màá ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Màá bá tèmi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ọkọ mi ni wọ́n jà. Lọ́jọ́ ìjà náà, kò tíì di ọkọ mi, a ti ṣe ìdána ni, ó ku kí wọ́n sìn mí lọ sílé rẹ̀. Ẹ wá wo irú ọ̀ràn tí mo bá ara mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣubú, ìtìjú ilé tí wọ́n ti bí mi ni. Bí àfẹ́sọ́nà mi bá ṣubú, ìtìjú ilé tí mo ń lọ ni.

Ọmọ Èkó ni wá. Nígbà tí òyìnbó fi àgbá fọ́ Èkó, tí ọba wa bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, bàbá mi kó gbogbo wa tẹ̀ lé e, a gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn onílẹ̀ gbà wá, wọ́n fún wa ní apá kan ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe àlejò rí mọ bí àlejò ṣe ń rí. Ní Èkó, ọmọ ilé ńlá ni ẹ̀gbọ́n mi. Ní Ẹ̀pẹ́, ó di ẹni tó ń fi ọ̀pá tu ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ga, ó sanra, igbáàyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé náà nìyẹn, kí wọ́n ka òun sí.

Ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ni ọkọ mi ní tirẹ̀. Epo ló ń kó wá sí ọjà Ẹ̀pẹ́. Ìkòkò epo tí ẹni méjì ń gbé pẹ̀lú ìkérora, òun nìkan á gbé e jáde nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé igbá. Kò sẹ́ni tó dá a rí nínú ìjàkadì, láti Ìkòròdú títí wọ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé tó wà lára rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá ti rí bàbá mi, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀ èbúté, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi ló ń kọ́ ọ ní ìrun kíkí nígbà náà, nítorí wọ́n ti búra pé àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tí kì í kírun.

Orí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ ọjà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní àwọn ló ni ibẹ̀. Àwọn ará Ìkòròdú ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ti ń di ti igi àti àdá kí àgbàlagbà kan tó dá sí i. Ó ní kí wọ́n má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí apá kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá kí wọ́n jọ jìjàkadì. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀ bá kan ilẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ á lọ máa so ọkọ̀ tiwọn sí apá ìsàlẹ̀. Àwọn ará Ìkòròdú ti ọkọ mi síwájú. Àwọn tiwa ti ẹ̀gbọ́n mi síwájú. Ṣé wọn ò rántí pé àna ara wọn ni àwọn méjèèjì, àbí wọ́n rántí, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ìyẹn náà ò yé mi.

Bàbá mi gbaná jẹ. Wọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ọkọ ìyàwó máa fa ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní bàǹtẹ́? Wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ọkọ mi wá bẹ̀ wọ́n, ó ní tí ó bá ṣe ti òun ni, òun ò ní jà, ṣùgbọ́n tí òun bá kọ̀, àwọn ẹgbẹ́ òun á ní ojo lòun. Bàbá mi yí ẹ̀yìn sí i. Wọ́n gbé búútà àlùwàlá wọn, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti jà, lórí iyanrìn, nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Èmi dúró láàárín àwọn obìnrin ilé wa, mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú ní ìbàdí, wọ́n ti orí bọ èjìká ara wọn, ó sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mì. Iyanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń jìn wọlẹ̀. Mo gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi, mo tún gbàdúrà fún ọkọ mi, ìgbà tó yá mi ò mọ ẹni tí mo ń gbàdúrà fún mọ́. Lójijì, ọkọ mi gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń jà lófuurufú. Mo ní ó tán. Ibẹ̀ ni èrò ti pín sí méjì, bàbá mi sì yọ láàárín wọn pẹ̀lú búútà lọ́wọ́. Bàbá mi tí wọ́n ní àwọn ò ní wá, wọ́n wá. Iwájú ọkọ mi gan-an ni wọ́n sì yọ sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni mi ò lè tò títí di òní. Ọkọ mi rí bàbá mi, ìyẹn dá mi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi padà tẹ ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́yìn orúnkún, ìyẹn náà dá mi lójú. Èwo ló ṣáájú? Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti wà nílẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi, àyà rẹ̀ nínú iyanrìn, ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ti ẹni tó ń kí àgbà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di bàǹtẹ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Dìde." Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì lè sọ ọ́ fún ẹni tó ṣubú. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí tí wọ́n fi kú.

Ariwo sọ ní Ẹ̀pẹ́. Ọba wa fi aṣọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fi í ṣe olórí apá kan àwọn atukọ̀ wọn. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba fún un. Inú mi dùn débi pé mo sunkún, ojú sì tún ń tì mí, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ẹ́ bá lọ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wá délé ọkọ ní Ìkòròdú, mo bá ìtàn mìíràn níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ṣubú, àna rẹ̀ ló kí. Wọ́n ní ta ni yóò rí bàbá ìyàwó rẹ̀ tí yóò dúró gbagidi bí òpó? Àlùfáà kan ní tirẹ̀ ní kì í ṣe èyí kì í ṣe ọ̀hún, pé ọkọ mi gbọ́ ìpèrun ló fi forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹni tí kò tíì lè ka Fátíà já. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà dà mí lórí rú. Tí mo bá lọ kí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, màá gbà pé wọ́n dá ọkọ mi. Tí ọkọ̀ bá ti ń gbé mi padà, kí á tó dé Ìkòròdú, màá gbà pé ó kí àna rẹ̀ ni.

Ìtàn Ìkòròdú dé etí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Ìgbàkígbà tó bá wá kí wa, ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ kí á dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni, tàyàtàyà. Ẹ̀gbọ́n mi á wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Ó pè mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ kó máa tẹríba lásán, ó tó." Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ní òun ò lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọba àti òyìnbó lójútùú, tí wọ́n ní kí àwọn tó sá lọ máa bọ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Èkó. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa. Kò jẹ́ kí ọkọ mi dìde nílẹ̀ tó fi bi í pé, "Lọ́jọ́ ìjọ́sí, ṣé mo dá ọ?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ dá mi."

"Má tìtorí pé àna ni wá o. Orúkọ tí mo ń gbé lọ sílé ni mo ń bi ọ́. Tí kì í bá ṣe tèmi, kí n mọ̀."

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dá mi."

Ta ló ń já àna rẹ̀ nírọ́? Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìyẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó kó o lé mi lápá, ó ní, "Ó dáa. Wá dì mí mú." Àgbàlá wa ni, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi àwa mẹ́ta. Ọkọ mi wojú mi. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó jà, kó jà dáadáa. Mi ò mọ ohun tó rò pé mo ń sọ.

Wọ́n di ara wọn mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń fà, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Apá ọkọ mi dẹ̀ bí apá ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Kò pẹ́, ọkọ mi tẹ̀ba, ó rọra fi àyà lélẹ̀ bí ìyá ṣe ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ tún dá mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gba agbádá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti ro ìkókóre sílẹ̀ dè é, kò fọwọ́ kàn án. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Mo kọjú ìjà sí ọkọ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé ó ṣubú ní Ẹ̀pẹ́ ni àbí ó kí bàbá mi. Ó jókòó. Ó ní, "Mo rí bàbá yín, ara mi ti ń lọ sílẹ̀ láti kí wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti wà lẹ́yìn orúnkún mi. Mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ gbé mi lọ." Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi? Ó ní kò bójú mu kí èèyàn dúró níwájú àna rẹ̀ kó máa ṣe bóyá-bóyá.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó láti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ló dá a lóòótọ́, mo sọ ti ẹsẹ̀ tó fi kọ́ ọ, mo sọ ti ọwọ́ tó di bàǹtẹ́ rẹ̀ mú, nítorí ta ló ń kí àgbà tí ó ń fi ọwọ́ kan jà? Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ọkọ mi ló rán mi. Wọ́n sọ fún mi níbẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ń kì í pé òun ló dá òmìrán Ìkòròdú, èsì tó máa ń fọ̀ ni pé, "Bàbá mi ló dá a."

Kò wá sílé wa mọ́ láti ìgbà náà. Ọkọ mi ò mọ ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ ọdún, á gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, á ní kí n se oúnjẹ sí i, bóyá ẹ̀gbọ́n mi á yà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ ṣú, á bi mí pé, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ wọ́n?"